Orin Tó Ṣáájú Olórin Dé Ọjà

Ẹni tó bá rò pé àfi kí ènìyàn wọ bàálù kó tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkè òkun, kó wá bi mí. Láti Kétu ni mo ti wá sí Ṣómólú, Kétu tiwa tó wà lábẹ́ àwọn Faransé nígbà kan. N kò fẹsẹ̀ kan òkun, n kò rí òyìnbó kankan lójú ọ̀nà, Yorùbá sì ni etí mi ń gbọ́ láti ibi tí mo ti gbéra títí dé ibi tí mo sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Síbẹ̀, ilẹ̀ àjèjì ni mo bọ́ sí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba agbára lọ́wọ́ àwọn sójà nígbà náà. Àwòrán àwọn tó du ipò ṣì wà lára gbogbo ògiri, òjò ti bó òmíràn dé ìdajì, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wa. Gbogbo ènìyàn ló ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mo ti ibi tí a ti ń rọra sọ̀rọ̀ wá, mo kọ́kọ́ rò pé ìjà ni wọ́n ń jà.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo kúnlẹ̀ kí bàbá kan tó ru ìdì páálí kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn: o rí àgbà, o kúnlẹ̀, ó béèrè ilé, ó béèrè oko, ó béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá náà yà bàrà kó má baà tẹ̀ mí.

"Dìde jàre! Ta ló ní kó o kúnlẹ̀ sójú títì? Ṣé o fẹ́ kí n da ẹrù ẹlẹ́rù nù ni?"

Mo dìde, ojú tì mí gan-an. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní Ṣómólú. Wàá pariwo "Ẹ kúuṣẹ́ o!" bó o ṣe ń kọjá, o ò sì ní dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ti orúkọ ìlú mi ló tún burú jù. Bí wọ́n bá bi mí níbo ni mo ti wá, tí mo bá ní Kétu, wọn á ní, "Kétu tó wà lẹ́bàá Ọjọ́ta níbí? Ìyẹn náà lò ń pè ní ìrìn àjò?" Bí mo bá wá ṣàlàyé pé Kétu tó wà lódìkejì bọ́dà ni, wọn á mi orí. "Ó ti yé wa. Ọmọ Kútọnu ni ẹ́." N kò tíì dé Kútọnu rí láyé mi! Mo máa ń bínú, mo máa ń sọ fún wọn pé ọba ti ń jẹ ní ìlú wa kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Kútọnu. Ta ló dá mi lóhùn? Nígbà tó yá, bí ẹnìkan bá pariwo "Kútọnu!" ní àdúgbò, èmi ni mò ń dáhùn.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Délé ni mo ti rí iṣẹ́. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó dàgbà jù mí lọ, ó sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ bí ẹni ń tu ìyàwó lójú. Jákẹ́ẹ̀tì kásẹ́ẹ̀tì àti ti síídì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, ìyẹn páálí aláwòrán tí wọ́n ń fi sínú ike àwo, tí ẹ óò ti rí olórin nínú aṣọ olówó ńlá pẹ̀lú orúkọ àwọn orin rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gé e, kí n ṣẹ́ ẹ po, kí n sì tò ó sínú páálí ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí n yin Ṣómólú díẹ̀, nítorí ó tọ́ sí i. Iṣẹ́ kan ṣoṣo, ojúlé púpọ̀ ni yóò yà kó tó parí. Ẹnìkan á ya àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn á fi ṣe pléètì, ìyẹn páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi tẹ̀wé, nílé kejì, àwa á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e sọdá títì lọ fún ẹni tó máa mú un dán, a óò sì gbà á padà wá gé. Kò sí àdéhùn lọ́wọ́ lọ́yà kankan. Ẹni tó bá da ọmọnìkejì rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo àdúgbò á ti gbọ́, ó parí fún un nìyẹn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ á fa wáyà fún aládùúgbò rẹ̀ kí iṣẹ́ má baà dúró. Nílé, wọ́n ti sọ fún mi pé olè ni gbogbo ará Èkó. Mo wò ó títí, n kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni ìdánìkanwà. Yàrá kan ni mo gbà ní Abúlé Òkúta, nínú ilé olójúlé púpọ̀ tí gbogbo wa jọ ń pọn omi lẹ́nu kàǹga kan. Ọjọ́ Sunday ló máa ń nira jù. Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ń wá wo àbúrò, tí ọmọ ń wá wo ìyá, gbogbo ojúlé á kún, tèmi nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ Sunday ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi fóònù ṣòwò, kí n lè pe ìyá mi. Ọkùnrin kan ló ní tẹlifóònù lẹ́bàá ọjà wa ní Kétu. Màá pè é, màá ní kó bá mi pe Àyọ̀ká, ìyá mi, màá pa fóònù, màá dúró kí wọ́n lọ sílé lọ pè é, lẹ́yìn náà ni màá tún pè. Ìyá mi á ti sáré dé, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, nítorí ó gbà pé bí òun bá pẹ́, ohùn mi á tán nínú wáyà.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́ níbẹ̀?"

Ìbéèrè kejì yìí ni kì í rọrùn. Nílùú wa, kí wọ́n mọ ènìyàn ju kó jẹun yó lọ. Ta ni ẹ́, ọmọ ta ni ẹ́, ilé wo lo ti jáde? Ẹni tí kò sí ẹni tó lè dáhùn ìyẹn fún, kò yàtọ̀ sí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. "Wọ́n mọ̀ mí, Màmá," ni mo máa ń wí. Irọ́ ni.

Ọjọ́ tí Alàájà Mùfúlíátù kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa, lẹ́yìn tí mo ti lo ọdún mélòó kan níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ló dìde. Olórin wákà ni, ọmọ Bàríga pọ́ńbélé, ohùn rẹ̀ sì ti ń jáde nínú rédíò kí wọ́n tó bí mi. Mo rò pé mo máa rí obìnrin gíga kan. Obìnrin kúkúrú kan ló wọlé, ó sanra dáadáa, ó jókòó sórí ìdì páálí bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Èmi ni mo gbé omi lọ. Mo kúnlẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kí ìyá àgbà nílé wa. Ó gbé ife sílẹ̀ láìmu.

"Ta ló ni ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ọmọ Kútọnu kan ni, Alàájà," Ọ̀gá Délé dáhùn.

"Kútọnu kẹ̀? Ẹ̀yin ò gbọ́ ohùn ẹ̀ ni? Ọmọ Kétu nìyí. Ará ibẹ̀ ni ìyá ìyá mi, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn." Ó yíjú sí mi. "Àbí irọ́ ni mo pa?"

Mo ní irọ́ kọ́. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku páálí ló kó sí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ti Alàájà, kò tiẹ̀ tíì mọ̀.

Àwo tuntun ló fẹ́ gbé jáde, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àwọn sójà ti wà lórí ìjọba. Sítúdíò tó ti kọ ọ́ wà ní ọ̀nà Ìlàjẹ, nítòsí ọ̀sà, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ apẹja ẹlẹ́ńjìnnì bá ń kọjá, wọ́n á dá orin dúró títí á fi lọ tán. Ẹni tó kì jù nínú àwo náà ni Olóyè Ládiméjì, ọmọ onílẹ̀ ní Bàríga, tó ti ń ṣe bàbá fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Àṣà àwọn olórin yìí sì ni pé ẹni tí wọ́n bá kì, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ọjà tó gbọ́. Nígbà tí jákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jáde lójú ẹ̀rọ, Alàájà ní kí n gé ẹyọ kan fún òun. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo gé e, mo ṣẹ́ ẹ, mo fi síídì tó mú wá láti sítúdíò sínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún Olóyè.

Kò pẹ́ ló padà wá. Ó ní ká ṣì ní sùúrù, òun fẹ́ tún nǹkan kan ṣe nínú orin náà. Kò sọ ohun tó jẹ́, ojú rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tí a lè bi. Lẹ́yìn náà ó ní ó ti parí, iṣẹ́ sì tẹ̀ síwájú.

Àwo náà kò tíì jáde rárá lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ohùn Alàájà ní ibùdókọ̀. Mo sún mọ́ ọn. Ọkùnrin kan tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ó to síídì lé e lórí, ojú Alàájà sì ń wò mí láti inú jákẹ́ẹ̀tì wa. Mo kọ́kọ́ yọ̀! Mo rò pé ó ti jáde tí wọn kò sọ fún wa ni. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan, mo rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, etí rẹ̀ kò sì gún. Ayédèrú ni. Mo sáré lọ sọ fún Ọ̀gá Délé, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìǹkì.

Ẹni tó bá wà ní Bàríga nígbà náà á rántí bí ilé íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń hù bí olú. Orin tó bá ti lè wọ inú kọ̀ǹpútà kan, ó ti wọ gbogbo kọ̀ǹpútà nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi orin ránṣẹ́ sí ara wọn láti ìlú òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó ń da orin kọ á sì kó odidi olórin mẹ́jọ sínú síídì ẹyọ kan, wọ́n á máa tà á lójú títì. A mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. A kò rò pé yóò dé ọ̀dọ̀ wa.

Máàkẹ́tà tó fẹ́ bá Alàájà ta àwo náà mú lọ́yà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́yà náà gbé ayédèrú sọ́wọ́ kan, ó gbé tiwa sọ́wọ́ kejì.

"Jákẹ́ẹ̀tì kan náà ni," ó wí. "Ibo ló ti lè jáde bí kò ṣe ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́? Wọ́n sì sọ pé bọ́dà ni ayédèrú ti ń wọlé. Ta ni ará bọ́dà níbí?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Alàájà náà wò mí, kò sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọlọ́pàá mú mi lọ. Wọ́n bi mí léèrè orúkọ àwọn tí mò ń kó ẹrù fún ní Kútọnu. Mo ní n kò mọ ẹnì kankan ní Kútọnu, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Délé ló wá dúró fún mi. Ó sọ fún wọn pé, "Ọmọ yìí, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Bí ẹ bá máa tì í mọ́lé, ẹ ti èmi náà mọ́ ọn." Ọkùnrin tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ tì! Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa lóòótọ́, wọ́n sì pe Ọ̀gá Délé lẹ́jọ́ ní orúkọ Alàájà. Bó bá jẹ̀bi, ẹ̀rọ rẹ̀ lọ nìyẹn, èmi náà á sì padà sí Kétu pẹ̀lú orúkọ olè lórí.

Àdúgbò yí padà. Bí mo bá kọjá, kò sí ẹni tó ń pariwo "Ẹ kúuṣẹ́" sí mi mọ́, wọ́n kàn ń wò mí. Ní ọjọ́ Sunday, ìyá mi béèrè ìbéèrè rẹ̀.

"Ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́ níbẹ̀?"

"Wọ́n mọ̀ mí, Màmá."

Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, mo sì gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún níwájú obìnrin tó ni í.

Mo ronú pé bí mo bá máa lọ, n kò ní í lọ láìrí ojú Alàájà. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi ní Abúlé Òkúta. Ó ń to àlùbọ́sà sínú agbọ̀n nígbà tí mo wọlé.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá bẹ̀ yín ni, Màmá."

"Mi ò gba ẹ̀bẹ̀ olè." Ó tún wò mí. "Jókòó. Ṣé wọ́n ti fún ọ lómi?"

Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ó gbà pé mo ja òun lólè, síbẹ̀ kò jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ mí nínú ilé rẹ̀. Mo mu omi náà.

"Màmá, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?"

"Gbọ́ kí ni?"

"Síídì tí wọ́n ní mo jí."

"Kí n jókòó máa gbọ́ ohun tí olè ń tà? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Màmá, páálí ni mo fọwọ́ kàn. Mi ò fọwọ́ kan ohùn yín rí. Ẹ bá mi wá ẹni tó gbé ohùn yín."

Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé gbogbo wọn, lọ́yà, máàkẹ́tà, ọlọ́pàá, jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò láti ọjọ́ yìí. Kò sí ẹni tó ti gbọ́ orin náà parí. Alàájà dìde, ó mú ayédèrú kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka méjì mú un bí ẹni mú òkú eku, ó sì fi í sẹ́nu ẹ̀rọ.

A jókòó. Ó kọ́kọ́ kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ohùn mi ṣì wà níbẹ̀ o." Orin dé ibi tó ti ń ki Olóyè: Ládiméjì, ọmọ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ onílẹ̀ tí í pín ilẹ̀ fún àlejò. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan, mò ń mi orí tèmi lọ. Alàájà pa á.

"Dá a padà."

Mo dá a padà. Ọmọ Àbẹ̀kẹ́. Ó tún ní kí n dá a padà. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Àbẹ̀kẹ́ kọ́ ló bí i," ó wí. "Ìyálé ìyá rẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́. Àṣàbí ni ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kú."

Díẹ̀díẹ̀ ló tú u palẹ̀ fún mi. Ó ti ṣi ìyá Olóyè pè nínú orin. Kò sí ohun tó burú ju ìyẹn lọ fún olórin, kó máa ki ọkùnrin lójú gbogbo ayé, kó wá fi í fún orogún ìyá rẹ̀. Nígbà tí Olóyè gbọ́ síídì tó gbé lọ fún un, ó ránṣẹ́ pè é, ó bínú gidigidi, Alàájà sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ohun tó padà lọ tún ṣe ní sítúdíò nìyẹn. Àṣàbí ló wà nínú àwo tó fẹ́ jáde.

"Síídì kan ṣoṣo ló ní Àbẹ̀kẹ́ nínú láyé yìí," ó wí. "Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi gbé e fún un, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tí ìwọ ṣẹ́."

Ó wé gèlè rẹ̀. Ó ní kí n dìde, ká lọ, kí n wá fi etí ara mi gbọ́.

Olóyè kò jiyàn. Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ náà sì sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ti da síídì náà sínú kọ̀ǹpútà, ó ya àwòrán jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní iléèwé ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n yọ̀ pé wọ́n ki bàbá òun, ó sì gbé e síbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pín orin, kí gbogbo ayé lè gbọ́. "Ṣé kò dáa ni?" ọmọ náà béèrè. Kò sí olè nínú wọn. Ìdùnnú ni wọ́n fi ṣe é, ìdùnnú náà ló sì fẹ́ pa wá.

Olóyè ní kí ọmọ náà wọlé lọ. Ó wá rọra sọ̀rọ̀.

"Alàájà, ọmọdé ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹjọ́ náà máa lọ bó ṣe ń lọ. Àwo yín tó ń bọ̀, èmi ni màá gbé gbogbo ẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ yìí ní kóòtù, gbogbo Bàríga á gbọ́ pé ẹ pè mí lọ́mọ Àbẹ̀kẹ́. Èmi á tẹ́, ẹ̀yin náà á tẹ́. Ta ló tún máa pe olórin tí ò mọ ìyá ẹni tó ń kì?"

Òótọ́ ló sọ, èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo wo ilẹ̀, mo ń dúró kí Alàájà gbà. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá gbà. Alàájà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Olóyè, ẹ ṣeun. Oore yín ò ní parun lọ́dọ̀ mi láéláé. Ṣùgbọ́n mo ti ṣi ìyá kan pè. Mi ò ní í tún pe ọmọ ìyá ẹlòmíì lólè."

Ó dìde. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀rù ń bà mí o, ọmọ Kétu," ó wí. Bí a ṣe rìn délé nìyẹn.

Nígbà tí lọ́yà gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ní ìlú òyìnbó, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta orin ti ń pe àwọn ọmọ iléèwé lẹ́jọ́ nítorí orin tí wọ́n pín lórí kọ̀ǹpútà, ó ní wọ́n tiẹ̀ ń pe àwọn ìyá àgbà tí kò mọ ohun tí ọmọ ọmọ wọn ń ṣe. Ó ní ká gbé ẹjọ́ náà kúrò lọ́rùn atẹ̀wé, ká gbé e lé Olóyè lọ́rùn. Alàájà ní rárá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ pa iná tí òun dá ná.

Kóòtù kún lọ́jọ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ ti ń rùn jáde. Olóyè náà wà níbẹ̀, lórí ìjókòó iwájú. Alàájà sọ fún adájọ́ pé òun ti rí ibi tí orin òun gbà jáde, ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kọ́. Adájọ́ béèrè bó ṣe mọ̀. Wọ́n fẹ́ lu síídì méjèèjì, ẹ̀rọ kóòtù kọ̀, kò ṣiṣẹ́.

"Olúwa mi, ẹ má ṣèyọnu," Alàájà wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́."

Ó sì kọ ọ́, nínú kóòtù, láìsí ìlù, láìsí elégbè. Ó kọ́kọ́ kọ èyí tó wà nínú ayédèrú, ó fi Àbẹ̀kẹ́ sí i bó ṣe wà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ ló rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ó wá kọ èyí tó tọ́.

"Èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo ṣì í," ó wí. "Mo ti pẹ́ nídìí orin, agbára ìrántí ò rí bó ṣe rí mọ́. Ẹyọ kan ló jáde pẹ̀lú àṣìṣe yẹn, èmi ni mo sì gbé e jáde. Atẹ̀wé ò mọwọ́, ọmọ Kétu ò mẹsẹ̀."

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, mo ti gbọ́ òwe náà láti kékeré. Ọjọ́ náà ni mo rí ẹni tó ru òtítọ́ lọ sọ́jà tó mọ̀ pé kò ní tà. Olóyè dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó jáde. Adájọ́ fagi lé ẹjọ́ náà.

Ọjọ́ tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù, Alàájà wá. Kò wọlé. Ó dúró lójú títì, ó pe gbogbo àdúgbò, ẹni tó ń ṣe pléètì, ẹni tó ń mú páálí dán, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì fún wa.

"Ẹni tí ẹ ń pè ní Kútọnu yìí, ẹ̀sùn èké ni mo fi kàn án. Ọmọ Kétu ni. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, àmọ́ ó lè ní kí ayé bá òun bẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó tóbi ju ìyẹn lọ. Èmi ni mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, gbogbo wọn sì ń sọ pé, "Fi jì í, ọmọ Kétu." Ọmọ Kétu! Gbogbo wọn!

Ó san gbèsè ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí Olóyè ṣe wí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè é tẹ́lẹ̀ kò pè é mọ́, àwọn ọmọdé Bàríga sì fi "ọmọ Àbẹ̀kẹ́" ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Kò fara pamọ́. Ó máa ń lọ bá àwọn tó ń ta ayédèrú ní ibùdókọ̀, á dúró níwájú wọn, á máa kọ orin náà fúnra rẹ̀ títí èrò á fi pé lé e, títí onítọ̀hún á fi ká ọ̀rá rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò gba ìjà fún ọlọ́pàá.

"Láyé àtijọ́," ó wí, "bí orin mi bá dé Ìbàdàn, èmi náà ni mo gbé e débẹ̀, wọ́n á rí ojú mi, wọ́n á fún mi lóúnjẹ. Ní báyìí, orin ń lọ, olórin wà nílé. Mo fẹ́ kí wọ́n rántí pé ènìyàn ló ni ín."

Mo ronú lórí ìyẹn fún ìgbà pípẹ́, èmi tí wọ́n ti ń ké pe orúkọ mi láìmọ ẹni tó ni í. Ṣómólú ni mo ṣì wà. N kì í sọ pé ó di ìlú mi lọ́jọ́ kan. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tó yá, ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ Sunday, Alàájà ni, ó ní òun wá jẹ oúnjẹ Kétu.

Àwo tó gbé jáde lẹ́yìn ìyẹn kéré, kò sí olóyè kankan nínú rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ló kì, Ọ̀gá Délé àti gbogbo ojúlé tí jákẹ́ẹ̀tì ń yà. Nígbà tó kàn mí, ó ní kí n pe ìyá mi lórí fóònù kóun gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹni tó ń jẹ́ ẹ. "Mi ò tún ní ṣi ìyá ẹnì kankan pè mọ́," ó wí. Ìyá mi pe Àyọ̀ká fún un láti Kétu, ó tún un pè, ọkùnrin tó ni tẹlifóònù sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé orí ìkúnlẹ̀ ló wà bó ṣe ń sọ ọ́.

Àwo náà jáde. Lọ́jọ́ Sunday kan mo pe Kétu, ariwo ni mo gbọ́, ìlù ń dún lẹ́yìn. Ìyá mi gba fóònù, kò béèrè bóyá mo ti jẹun. Ó ní wọ́n ń lu orúkọ òun nínú ọjà, gbogbo ènìyàn ti gbọ́ ọ, ọmọ Àyọ̀ká ní Ṣómólú. Kò tún béèrè ìbéèrè kejì mọ́. Inú mi dùn, àyà mi sì já, nítorí mo mọ̀ pé a kò fi ẹyọ kan ránṣẹ́ kọjá bọ́dà.

Mo gba ilé Alàájà lọ. Mo rò pé kí n má sọ fún un, ẹnu mi kọ̀.

"Màmá, àwo yín ti dé Kétu."

"Ta ló gbé e débẹ̀?"

"Ayédèrú ni."

Mo ń dúró de ìbínú.

"Ìyá ẹ gbọ́ orúkọ ẹ̀?"

"Ó gbọ́. Ó ń jó lọ́jà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

"Àyọ̀ká ni wọ́n gbọ́? Kò ṣì?"

"Kò ṣì, Màmá."

Ó wọ yàrá, ó gbé ojúlówó kan jáde, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó fi í lé mi lọ́wọ́.

"Fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ní kó fọ́ ti olè yẹn."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó tún pè mí.

"Àmọ́ sọ fún un kó jó tán ná."